Kérésìmesì lójú Mùsùlùmí: Àánú ni àbí ọjà?

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, kò sẹ́ni tó tún nílò kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé ọdún ti dé. Orin Kérésìmesì á gba orí rédíò, àwọn onímọ́tò á fi kún owó ọkọ̀, àwọn tó ń ta adìyẹ á sì to àgò wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn ilé ìtajà ńlá á wọ ọkùnrin kan láṣọ pupa, wọ́n á fi òwú funfun ṣe irùngbọ̀n fún un, wọ́n á ní Bàbá Kérésì ni, àwọn ọmọdé á sì máa fi owó òbí wọn wọlé lọ kí i. Nínú gbogbo ariwo yìí, ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà béèrè: báwo ni ọdún yìí ṣe rí lójú ẹni tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì?

Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré nílẹ̀ Yorùbá. Níbòmíràn, ẹ̀sìn a máa pín ìlú sí méjì. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ilé kan ṣoṣo ni ẹ̀sìn méjì ti ń bára wọn gbé. Ọmọ ìyá kan náà ni ẹni tó ń jẹ́ Ràṣídì àti ẹni tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Mùsùlùmí ni mí. N kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì, n kì í sì í gbé igi Kérésì sínú ilé mi. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé ọdún náà kò kàn mí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mú inú mi dùn, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń kọ mí lóminú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ń rò ó bẹ́ẹ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ń rò ó bẹ́ẹ̀ náà kò sì kéré.

Jésù kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí

Ó máa ń ya àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ pé orúkọ Màríà, ìyá Jésù, ni orí kọkàndínlógún nínú Kùránì ń jẹ́. Nínú Súrà Maryam yìí, a rí bí ìrọbí ṣe mú ọmọbìnrin náà dé ìdí igi dàbínù, níbi tí kò ti sí ìyàwó ilé tàbí agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí Ọlọ́run sì fi omi àti èso igi náà tù ú nínú. Mùsùlùmí gbà pé wúńdíá ni Maryam nígbà tó lóyún. Ó gbà pé òjíṣẹ́ ńlá ni Ànábì Ísà, ó sì gbà pé òun ni Mèsáyà. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé Mùsùlùmí kò gbà pé ọmọ Ọlọ́run ni, kò sì gbà pé Ọlọ́run ni.

Ìyàtọ̀ yìí jinlẹ̀, kò sì yẹ ká fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Òun ló fà á tí àwọn àáfà kan fi ń sọ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí kí Kìrìsìtẹ́nì kú ọdún rárá, nítorí pé ìkíni lè dà bí ìgbà téèyàn fọwọ́ sí ìgbàgbọ́ náà. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní Kùránì fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé ká ṣe rere sí aládùúgbò tí kò gbógun tì wá. Ahmed el-Tayeb, olórí Al-Azhar nílẹ̀ Íjíbítì, ti kí àwọn olórí ìjọ Kóptíkì kú ọdún Kérésìmesì lọ́pọ̀ ìgbà.

Nílẹ̀ Yorùbá, àwo oúnjẹ ti dáhùn kí àríyànjiyàn náà tó parí. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran á ti ilé Mùsùlùmí lọ sí ilé Kìrìsìtẹ́nì. Lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì àti adìyẹ á gba ọ̀nà kan náà padà. Ẹni tó gbé àwo wá kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó gba ohun tí òun gbà. Ohun tí àwo náà ń sọ ni pé òun kò lè máa jẹun kí aládùúgbò òun máa wòran. Èyí ló ń mú inú mi dùn sí Kérésìmesì, òun ni mo sì ń pè ní àánú.

Àánú àti òwò, ìbejì ni wọ́n

Bí òwò ṣe wá di alábàágbé àánú yìí nílò àlàyé díẹ̀. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Ìwé kan tí wọ́n ṣàkójọ ní Róòmù lọ́dún 354 wà lára ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ pé àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ ti ń ka ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ sì ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan ti ń bínú sí àríyá tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní Massachusetts, tó ti di ara Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1659 sọ pé kí ẹni tó bá ṣe Kérésìmesì san ṣílè márùn-ún ìtanràn, ọdún 1681 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1842 ni ká máa rántí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Henry Townsend ti CMS náà dé síbẹ̀. Ìmàle ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn méjèèjì tó dé. Kérésìmesì tí wọ́n mú wá nígbà náà kò ní káàdì nínú, kò sì ní Bàbá Kérésì aláṣọ pupa.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ìyẹn ní 1843, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Èkíní ni pé Charles Dickens tẹ ìwé rẹ̀, A Christmas Carol, jáde ní oṣù Kejìlá. Ìtàn ahun olówó kan tó ń jẹ́ Scrooge ni, tí àwọn iwin fi ìyà tó ń jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ hàn án títí ọkàn rẹ̀ fi yí padà. Èkejì ni pé Henry Cole ní kí wọ́n tẹ káàdì ìkíni Kérésì, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n tà lọ́jà. Ṣílè kan ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ń bẹ olówó pé kó ṣàánú, káàdì ń fi han oníṣòwò pé ìkíni pàápàá ṣe é tà. Ìwé tó ń wàásù àánú yẹn gan-an, títà ni wọ́n ń tà á. Láti ìgbà náà ni àánú àti òwò ti ń rìn pọ̀ nínú ọdún yìí bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ẹ tún wo ti Bàbá Kérésì. Nicholas ni orúkọ ẹni tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra, níbi tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé òru ló máa ń ju owó sínú ilé òtòṣì, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òun ni. Àwọn ará Họ́láńdì ló ń pè é ní Sinterklaas, ibẹ̀ sì ni orúkọ Santa Claus ti jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1931, ilé iṣẹ́ Coca-Cola bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwòrán rẹ̀ tí Haddon Sundblom yà láti fi polówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn. Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láṣọ pupa, ṣùgbọ́n ìpolówó náà gbé àwòrán yẹn káàkiri ayé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fúnni lóru nítorí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun ṣe di ẹni tó ń jókòó lójú ọjà kí gbogbo ayé lè wá rajà.

Ọjà kò mọ ẹ̀sìn

Kí ló dé tí ọjà fi máa ń gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ lásìkò ọdún? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn fẹ́ rà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Adìyẹ kì í dàgbà lóru ọjọ́ kan, nítorí náà àgbẹ̀ kò lè ṣàdédé sọ ọgọ́rùn-ún di igba. Ọkọ̀ tó kó èrò kúrò l'Ékòó lọ sí ìlú kékeré lè má rí èrò kó bọ̀, èyí ni awakọ̀ á sì fi gba owó àlọ àti àbọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, owó ọkọ̀ tún lé sí i, débi pé ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé àwọn arìnrìn-àjò ọdún yóò san ìdajì owó ọkọ̀, wọn yóò sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó ti wù kí ọjà le tó, ojú ọmọ ni òbí ń wò. Aṣọ tuntun, bàtà tuntun àti jígí ojú ti di ẹ̀rí pé wọ́n ṣọdún nílé ẹni. Ọmọ tí kò bá rí i wọ̀ á máa sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú á sì máa ti bàbá rẹ̀. Bàbá á lọ yá owó. Kí gbèsè náà tó tán lọ́rùn rẹ̀, oṣù Kìíní á ti dé, ilé ìwé á wọlé, wọ́n á sì béèrè owó ilé ìwé. Ọdún tó yẹ kó tu aláìní nínú wá di ohun tó ń fi àìní rẹ̀ hàn fún gbogbo àdúgbò.

Ṣùgbọ́n kí Mùsùlùmí má ṣe fi èyí na ìka sí Kìrìsìtẹ́nì. Ohun kan náà ni ọjà ń ṣe fún wa nígbà Iléyá. Ẹni tó bá ní agbára ni wọ́n ní kó pa ẹran, síbẹ̀ àwọn tí kò ní ń yá owó ra àgbò, àwọn tó ní sì ń fi ìwo àgbò wọn bára wọn díje.

Nígbà tí àánú di ọ̀fọ̀

Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024 kò ní tètè kúrò lọ́kàn àwọn ará Ìbàdàn. Wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ìparí ọdún nínú ọgbà Islamic High School ní Baṣọ̀run. Ìròyìn pé ẹ̀bùn yóò wà níbẹ̀ ti tàn kálẹ̀, èrò sì pọ̀ kọjá ohun tí ẹnu ọ̀nà lè gbà. Ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 21, ènìyàn mẹ́wàá kú níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Maitama, l'Ábújá, lọ́jọ́ náà gan-an sì ni àwọn tó lé ní ogún kú níbi ìpín ìrẹsì ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra.

Ẹ ṣàkíyèsí pé inú ọgbà ilé ìwé Mùsùlùmí ni ti Ìbàdàn ti ṣẹlẹ̀, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ti Àbújá. Ebi tó kó èrò jọ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn. N kò ní sọ pé àwọn tó fẹ́ fúnni kò ní ọkàn rere. Ohun tí mo rí ni pé àánú ti wọ aṣọ ọjà. A ń polówó rẹ̀ bí ẹni polówó ọjà, a ń kó èrò jọ sí ẹnu ọ̀nà kan, a ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀ kí ayé lè rí olùfúnni. Àánú tí a bá polówó bí ọjà, bí èrò ọjà ni wọ́n ṣe ń rọ́ lọ bá a.

Kí oúnjẹ lọ bá ẹni tébi ń pa

Ìlànà kan wà nínú ẹ̀sìn tèmi tí mo rò pé ó lè wúlò fún gbogbo wa. Kí Mùsùlùmí tó kírun ọdún ìtúnu ààwẹ̀, olórí ilé gbọ́dọ̀ yọ oúnjẹ fún aláìní lórúkọ olúkúlùkù tó wà nínú ilé rẹ̀, títí kan ọmọ jòjòló. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìkúnwọ́ méjèèjì lọ́nà mẹ́rin lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Zakatul Fitri ni wọ́n ń pè é. Kókó ibẹ̀ ni àkókò: ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní ṣáájú ìrun, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ ọdún ni yóò máa tọrọ kiri. Ìlànà yìí bá ìwà Nicholas mu. Ó sì bá ẹ̀kọ́ Jésù mu, ẹni tó kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé ìkọ̀kọ̀ ni kí wọ́n ti máa ṣàánú.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò kan bá jùmọ̀ kọ orúkọ àwọn opó, àwọn arúgbó àti àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ dé ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún, kò ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti tẹ ọmọ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nítorí kóńgò ìrẹsì kan. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i pé owó oṣù wọn dé ọwọ́ wọn kí ọdún tó dé. Ẹni tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó tó wá ń pín ẹ̀bùn níta, gbèsè ló ń pín.

Kérésìmesì kì í ṣe ọdún tèmi, n kò sì ní sọ pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí àtijẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ẹni tébi ń pa lọ́jọ́ Kérésì, aládùúgbò mi ni. Lójú tèmi, ara aláìní tó wà ní òpópónà wa la ó ti mọ̀ bóyá àánú ló borí lọ́dún yìí, àbí ọjà. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ kú ọdún. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń dúró de àwo oúnjẹ, ẹ kú ìrètí o, ẹ má sì gbàgbé pé Iléyá ń bọ̀.