Píkọ́ọ̀pù tó ń gbọ̀n ṣáá: Kí ẹ tó náwó lé e lórí, ẹ wo ìgbà tó ń gbọ̀n

Ẹni tó bá ń fi píkọ́ọ̀pù ṣòwò láàárín Malete sí Ìlọrin mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn gan-an ni ìsọ̀ òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, KWASU, sílẹ̀ ní 2009 sí ìlú náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ, wọ́n ń mu, ẹnì kan sì ní láti kó ohun tí wọ́n ń jẹ wá. Omi inú ọ̀rá, ìrẹsì àti sìmẹ́ńtì ń bọ̀ láti Ìlọrin; iṣu, gààrí àti èédú ń lọ síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ó ní “ó ń gbọ̀n o,” ohunkóhun tó bá sì ní ká rà la ó rà. Lónìí, ṣọ́ọ̀kì. Lọ́la, ẹ́ńjìn sítì. Lọ́tùn-únla, táyà mẹ́rin. Owó ti lọ, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mẹkáníìkì ń rẹ́ni jẹ. “Ó ń gbọ̀n” kò tó ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi mọ àrùn ọkọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ lè sọ ni ìgbà tó ń gbọ̀n: ṣé nígbà tó dúró ni, àbí nígbà tó ń sáré, àbí nígbà tí ẹ tẹ bírékì, àbí nígbà tí ẹ di ẹrù tí ẹ fẹ́ gbéra?

Bó bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, ẹ́ńjìnnì ni ká bi. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìn sítì ti já, tàbí pé púlọ́ọ̀gì kan kò ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bírékì nìkan ni, dísìkì iwájú tàbí dúróòmù ẹ̀yìn ni ká kọ́kọ́ wò. Àwọn méjèèjì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Èyí tó ń dààmú àwọn èèyàn jù ni gbígbọ̀n orí eré, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi kìlómítà 70 sí 100 ní wákàtí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọkọ̀ bíi Hilux bá ń sá kìlómítà 80, táyà rẹ̀ ń yí bíi ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pùrọ̀pélà, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ń yí bíi ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń mì yín jìgìjìgì tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á, táyà àti ríìmù ni. Bó bá ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ fura sí pùrọ̀pélà. Ẹ tún lè fi gíà mìíràn sá eré kan náà. Bí gbígbọ̀n náà kò bá yí padà, ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Ní ti táyà, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko máa ń wọ inú ríìmù, á gbẹ síbẹ̀, á sì mú kí ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì. Mo ti rí i tí wọ́n fẹ́ ra táyà tuntun nítorí ẹrẹ̀ lásán. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ wò ó bóyá àwọn òjé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń báláǹsì rẹ̀ ti jábọ́, bóyá kòtò ti tẹ ríìmù, bóyá táyà ti wú níbì kan. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n, iwájú ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ìjókòó ni, ẹ̀yìn ni. Ẹ ní kí fọ́kánáísà gbé ti iwájú sẹ́yìn. Bí gbígbọ̀n bá tẹ̀ lé e, táyà ni olè.

Táyà tòkúnbọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, tòkúnbọ̀ sì kún ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà àlòkù irú ti píkọ́ọ̀pù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà láyè. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó nínú kò ṣeé báláǹsì, iye yòówù kí ẹ san.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí pùrọ̀pélà, nítorí ibẹ̀ ni àwa oníṣòwò ti ń fọwọ́ ara wa fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi irin kún sípíríìnì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù jù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga, ìdagẹ̀rẹ̀ pùrọ̀pélà á yí padà, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Kúróòsì tó wà lórí pùrọ̀pélà kì í yí dọ́gba bó bá wà ní ìdagẹ̀rẹ̀. Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, á yára díẹ̀, á falẹ̀ díẹ̀. Kúróòsì ẹ̀yìn ló ń pa àléébù ti iwájú rẹ́, bí wọ́n bá kọjú síra bó ṣe yẹ. Bí mẹkáníìkì bá tú u, tó sì tò ó padà pẹ̀lú eyín kan tó yẹ̀, gbígbọ̀n tí kò sí tẹ́lẹ̀ á dé. Kí wọ́n tó tú u, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà fa ilà sára méjèèjì. Wẹ́dà tó bá gé e kúrú tàbí tó jó o, tí kò sì báláǹsì rẹ̀, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin sábà máa ń ní pùrọ̀pélà alápá méjì, tí sẹ́ńtà bíárìn gbé ró láàárín. Rọ́bà tó yí bíárìn yìí ká máa ń já. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fi òkúta di táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó bọ́ sí níútírà. Ẹ wá fi ọwọ́ mi pùrọ̀pélà sókè sódò. Bí kúróòsì bá ń ta kànkàn, ẹ má di ẹrù kankan sínú ọkọ̀ náà títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀, torí bí pùrọ̀pélà bá já lórí eré, ó lè gún ilẹ̀, kó sì gbé ọkọ̀ ṣubú.

Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sì tú táyà, ẹ padà wá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn bíi àádọ́ta kìlómítà.