Títúmọ̀ Ìwé Ìbéèrè nípa Ìdàgbàsókè Ọ̀dọ́: Àpẹẹrẹ láti Ìgbèríko Ìbàdàn

Erik Erikson, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1950, pín ìgbésí ayé ènìyàn sí ìpele mẹ́jọ, ó sì fi wíwá ẹni tí ènìyàn jẹ́ gan-an sí ìpele ọ̀dọ́. Ní 1969, Arthur Chickering, ará Amẹ́ríkà, to ọ̀nà méje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni kí ọmọ lè dá dúró láìgbára lé òbí. Láti inú irú èrò wọ̀nyí ni a ti fa àwọn ìwé ìbéèrè yọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa sàmì sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bóyá ó bá òun mu tàbí kò bá òun mu. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, Tọ́kì pẹ̀lú, ti ń tún wọn ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ àgbẹ̀ láti Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà?

Ọ̀nà tí a mọ̀ jù láti yẹ ìtumọ̀ wò ni èyí tí Richard Brislin ṣàlàyé ní 1970: kí ẹnìkan túmọ̀ ìwé náà, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà, kí a sì fi méjèèjì wéra. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: 'Mo ti kúrò nílé.' Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àbùkù kankan tí yóò hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń gbé àwọn abúlé wọ̀nyí kì í pe abúlé ní ilé. Oko ni. Ilé ni agboolé ìdílé wọn ní ìgboro Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń lọ ṣọdún, tí wọ́n sì ń sin òkú àgbà sí. Ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀bá Àkànrán lè ní òun ti kúrò nílé nígbà tí ó ṣì ń jẹun nínú ìkòkò ìyá rẹ̀.

Gbólóhùn tí ó ní 'kò' tàbí 'kì í' tún burú ju èyí lọ. Bí a bá bi Yorùbá pé, 'Ṣé o kì í bínú?', tí ó sì dáhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni', ohun tí ó sọ ni pé òun kì í bínú. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ lára lè dáhùn pé, 'Rárá', kí ó sì ní ohun kan náà lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Bí olùwádìí bá bi ẹni tí ó jù ú lọ pé, 'Ṣé ẹ máa ń pinnu fúnra yín?', onítọ̀hún lè dáhùn fún gbogbo ilé rẹ̀, nítorí 'ẹ' ọ̀wọ̀ àti 'ẹ' ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọ̀rọ̀ dídá dúró. Nínú irú ìwé wọ̀nyí, ẹni tí ó bá ní òun máa ń bi òbí òun kí òun tó pinnu lè pàdánù máàkì. Ní abúlé, ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ tàbí tí ó fẹ́yàwó láìsọ fún olórí ẹbí ni a ń pè ní ẹni tí kò tíì gbọ́n. Èdè Yorùbá sì ti la ọ̀nà sílẹ̀: fífi ọ̀rọ̀ lọ àgbà yàtọ̀ sí gbígba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà. Ẹni tí ó fi lọ̀ lè ti pinnu tán. Gbólóhùn méjì ni ó yẹ kí ó wà níbi tí ìwé àkọ́kọ́ ti ní ẹyọ kan. Chickering pàápàá, nígbà tí òun àti Linda Reisser tún ìwé rẹ̀ ṣe ní 1993, yí orúkọ ọ̀nà náà padà kí ó lè fi hàn pé dídá dúró ń lọ sí àjọṣe. Çiğdem Kağıtçıbaşı, ọmọ Tọ́kì, sì tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn lè dá ìpinnu ṣe kí ó má sì jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí a kò bá ka èyí sí, ọmọ tí ó ti gbọ́n ni agbaninímọ̀ràn yóò pè ní ẹni tí kò dàgbà, èyí tí ìdààmú bá ní tòótọ́ yóò sì kọjá láìgba ìrànlọ́wọ́.

Ìbàdàn ní àpẹẹrẹ rere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà ni ó wà fún. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé ní Ìdíkàn. Wọ́n ṣètò ìbéèrè wọn kí àìmọ̀wé má baà dàbí àìsàn, wọ́n sì tún bi ìbátan àgbà náà léèrè. Ní 2001 wọ́n kéde pé ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, tí ó sì jẹ́ 3.24 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Bí ìbéèrè bá ti ń ka àìmọ̀wé sí àìsàn ni, irú ìyàtọ̀ báyìí ìbá fara sin.

Fún ọ̀dọ́, ẹni tí ó tọ́ ọ ni a lè bi léèrè: 'Iṣẹ́ wo ni ẹ lè rán an láìwẹ̀yìn?' A. Bame Nsamenang ti Kamẹrúùnù, nínú ìwé rẹ̀ ti 1992, ka irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ sí ara ohun tí ń sọ ọmọ di ènìyàn láwùjọ. Lẹ́yìn náà ni kí a ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí etí àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní Mọ́níyà tàbí Ìyànà Ọ̀fà, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́, kí a tó fún gbólóhùn kankan ní máàkì.