Ọ́ìlì páwà sítíárìn: Kì í ṣe gbogbo èyí tó pupa ló yẹ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà Ládípọ̀ ní Mushin, nílùú Èkó, àti láwọn ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ mìíràn. Ojú lásán kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rọ èyí tí kò yẹ sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dàgbà, àpò olówó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sunkún. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Páńpù tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fi agbára ti ọ́ìlì yìí lọ sínú àpótí sítíárìn, kó lè rọrùn fún awakọ̀ láti yí táyà ọkọ̀ tó ru ẹrù. Bí ọ́ìlì bá gbẹ, sítíárìn kò ní já, àmọ́ yóò le koko lójijì. Lórí kọ́nà, tí ẹrù wà lẹ́yìn, ìyẹn tó láti gbé ọkọ̀ wọgbó.

Ibi tó yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ wò ni ìdérí agolo ọ́ìlì náà àti ìwé ọkọ̀. Toyota Hilux àwọn ọdún 1990, ATF tó bá òṣùwọ̀n Dexron II tàbí III mu ni wọ́n ṣe é fún. Ní ti àwọn akẹ́rù ńlá, TRW, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe àpótí sítíárìn fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, fàyè gba ATF tàbí àwọn ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì kan. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ po oríṣi méjì pọ̀, nítorí pé ó lè ba síìlì jẹ́.

General Motors ló ni orúkọ Dexron. Ní ìparí ọdún 2006 ni àṣẹ tó fi ń jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ta Dexron III dópin, tí Dexron VI sì rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ike tí wọ́n bá kọ Dexron III sí lára lónìí kò ní àṣẹ General Motors lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ tó pò ó nìkan ló ń ṣe onídùúró fún un. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni kí wọ́n ra tirẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí wọ́n rọ bíréèkì ọ́ìlì sínú páwà. Bíréèkì ọ́ìlì kì í ṣe ọmọ epo rọ̀bì, ó máa ń jẹ́ kí rọ́bà síìlì wú, kó sì rọ̀, títí tí yóò fi máa jò. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ rárá, kí wọ́n pe mẹ̀káníìkì láti fà á jáde, kó sì fọ ibẹ̀ mọ́.

Àwọn kan a tún máa rọ gíà ọ́ìlì tó ki sí i, kí jíjò lè dínkù. Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kì í tètè ṣàn, pàápàá láàárọ̀, páńpù a sì máa ké. Àìtètèmólè, olè ń mólóko: síìlì tàbí hósì tó ń jò ni kí wọ́n pààrọ̀.

Bí ọ́ìlì bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tó ń hó bí ọṣẹ, àsìkò àyẹ̀wò ti tó. Bí mẹ̀káníìkì bá sì ń pààrọ̀ rẹ̀, kó gbé táyà iwájú sókè, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì kí èyí tó ti bàjẹ́ lè jáde tán. Kò gbọdọ̀ fi ipá dì í mú pẹ́ níbi tó ti yí dé òpin, kí páńpù má baà gbóná jù. Owó ike ọ́ìlì tó yẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páńpù tuntun.