Àlàárì: Bí Ṣẹ́dà Etí Òkun Mẹditaréníà Ṣe Dé Òfì Yorùbá

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń to àwọn aṣọ òkè Yorùbá, sányán, ẹtù àti àlàárì ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kòkòrò inú igbó wa ló ń pèsè òwú sányán. Òwú tí a rẹ sínú aró ni ti ẹtù. Ti àlàárì yàtọ̀. Ṣẹ́dà pípọ́n tí a fi ń hun ún látijọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, etí Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá.

Orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Al-ḥarīr ni Lárúbáwá ń pe ṣẹ́dà. Haúsá sọ ọ́ di alharini, ó sì di àlàárì lẹ́nu Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn ni ọjà rẹ̀ ṣe rìn: láti èbúté Trípólì, la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lórí ràkúnmí, dé Kánò, kí àwọn aláròóbọ̀ tó gbé e wá sí gúúsù. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ṣẹ́dà bẹ́ẹ̀ tó ń wọlé lọ́dọọdún tó ẹrù ràkúnmí 300 sí 400. Kí ni wọ́n fi ń san án? Awọ àti aṣọ aláró wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń yin ẹwà àlàárì kò gbọdọ̀ fo ìyẹn.

Láti Trípólì kan náà ni Hugh Clapperton ti gbéra ní 1822, tó fi dé Sókótó ní 1824. Nígbà náà, àwọn kan ní Yúróòpù ṣì gbà pé Odò Ọya ń lọ pàdé Náílì, kí ó tó wọ Mẹditaréníà. Richard Lander, ìránṣẹ́ Clapperton, àti John àbúrò rẹ̀ ló parí àríyànjiyàn yìí ní 1830: wọ́n bá odò náà lọ láti Bùsà, wọ́n kọjá ibi tó ti pàdé Bẹ́núè, níbi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí, wọ́n sì yọ sí òkun ìhà gúúsù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mìíràn ṣe ṣí. Iba pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbà á, títí kuníìnì fi dáàbò bo àwọn tó bá William Baikie àti Àjàyí Crowther wá ní 1854. Ní nǹkan bí 1860, Baikie tẹ ibùdó dó sí Lọ́kọ́jà. Èyí kò pa ọ̀nà aṣálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ràkúnmí ṣì ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbẹ̀yìn, òwú tó ń gba èbúté gúúsù wọlé ni àwọn ahunṣọ bọ̀ sí, síbẹ̀ wọn kò yí orúkọ aṣọ náà padà.