Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Yín Bá Ń Gbóná tí Ó sì Ń Falẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀,

Púpọ̀ nínú wa ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 ni ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ọjà nílé, tí àwọn ọmọ wa sì ń fi í kàwé. Bí ẹ̀rọ náà bá ń gbóná, tí fáànù rẹ̀ ń pariwo, tí ẹ tẹ lẹ́tà kan tí kò tètè hàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ó ti gbó, kí á lọ gba ẹ̀yáwó ra òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Lọ́pọ̀ ìgbà iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà sì lè má jẹ́ tiyín.

Prosẹ́sọ̀ ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ń lo Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager yóò sì yọ. Ẹ tẹ ibi tí a kọ CPU sí, kí èyí tí ó ń jẹ agbára jù lè bọ́ sókè. Bí iye náà bá ga fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì wálẹ̀, kò sí ewu. Bí ó bá dúró sí 90 tàbí 100 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí System Idle Process ní 95, ẹ má fòyà: agbára tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kà bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Chrome ni ó wà lókè, ẹ ti àwọn ojú-ewé tí ẹ kò kà mọ́. Bí ó bá jẹ́ Antimalware Service Executable, ẹ̀ṣọ́ Windows fúnra rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ó parí iṣẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá dé nìkan ni ó ń tan ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tí ó ti kó jọ ni yóò ya lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tí ó burú ni orúkọ àjèjì, pàápàá bí wọ́n bá ti fi ayédèrú Windows tàbí Office sínú ẹ̀rọ yín ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn olè wà tí ń fi prosẹ́sọ̀ ẹlòmíràn wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2017 títí di 2019 tí Coinhive kógbá wọlé, ojú-ewé lásán tí ènìyàn ṣí lè máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ wa owó Monero fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Coinhive lọ, ọgbọ́n náà kò lọ. Iná yín àti epo jẹnẹrétọ̀ yín ni ó sì ń jẹ. Ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ yan Full scan.

Ẹ má gbàgbé eruku. Bí ó bá dí fáànù, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, prosẹ́sọ̀ yóò sì dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná. Ẹ má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tiyín gan-an ni ó ṣì ń kún prosẹ́sọ̀ náà, ẹ̀yáwó tọ́ nígbà náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí nínú Task Manager mọ́ ìwé ìbéèrè yín, kí ìgbìmọ̀ lè mọ irú ẹ̀rọ tí ó yẹ.