Ìtọ́jú Land Rover Àtijọ́ fún Iṣẹ́ Oko



Kòkó tí a ti sá, tí ó gbẹ, tí a sì ti dì sínú àpò, kò tíì di owó títí yóò fi dé orí òṣùwọ̀n. Láàárín abà àti ibi ìwọ̀n ni làálàá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń ṣòfò. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí òjò sì pa àpò kòkó mọ́jú, kòkó náà yóò bu, ẹni tí ń rà á yóò sì dín owó rẹ̀ kù. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń ra ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ọkọ̀ tuntun wọ́n jù fún púpọ̀ nínú wọn, àgbà ọkọ̀ ni wọ́n sì ń rà. Ìwé kékeré yìí yóò ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti bí a ṣe ń wà á ní ọ̀nà oko.

1. Ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé, níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Irin ṣọ̀wọ́n ní àkókò náà, nítorí pé Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tí ó parí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi ṣe ṣásí rẹ̀, èyí tí í ṣe egungun tí gbogbo ọkọ̀ dúró lé. Oríṣi kẹta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì parí ní 1985. Oríṣi àtijọ́ mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Èyí tí ó tẹ̀ lé wọn, tí a wá ń pè ní Defender, tí wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2016, máa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn nígbà gbogbo. Ohun tí a ó sọ nípa ọ̀pá olórí ìyeyè kò kàn án.

2. Kí a tó ra á, ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Nítorí náà ara ọkọ̀ lè máa dán, kí ṣásí rẹ̀ sì ti jẹrà. Àpótí irin tí inú rẹ̀ ṣófo ni ṣásí náà. Ẹrẹ̀ a máa wọ inú rẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fi òòlù kékeré kan ṣásí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ọ̀pá ìdábùú tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, àti àwọn apá tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́. Irin tí ó le yóò dún gooro. Irin tí ó ti jẹrà yóò dún bí igi tí ikán ti jẹ, ìgbà mìíràn òòlù yóò wọ inú rẹ̀ lọ. Ọ̀dà tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kò tó ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà dára.

Bí a bá fẹ́ jó irin mọ́ ṣásí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, kí a sì yọ táǹkì epo kúrò lára ọkọ̀. Táǹkì tí ó dà bí ẹni pé ó ṣófo léwu púpọ̀, nítorí pé ooru epo tí ó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù.

3. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń ṣiṣẹ́

Agbára ẹ́ńjìnnì a máa gba inú àpótí jíà ńlá kọjá sínú àpótí jíà kékeré. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pá irin kan ti ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí òmíràn sì ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Lójú ọ̀nà títì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pá kékeré méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ńlá. Bí a bá tẹ èyí tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè wálẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú yóò wọlé iṣẹ́ pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Èyí tí orí rẹ̀ pupa ni a ń fà sẹ́yìn nígbà tí a bá fẹ́ agbára púpọ̀ pẹ̀lú ìrìn díẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí a tó fà á, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì wọlé iṣẹ́ fúnra wọn. Bí a bá fẹ́ padà sí ẹsẹ̀ méjì, a ó dúró, a ó fa olórí pupa sẹ́yìn, a ó sì tún tì í síwájú. Olórí ìyeyè yóò dìde fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá yà sí kọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, kò sì sí ohun tí ó lè tú wọn sílẹ̀ lára ara wọn. Nínú ẹrẹ̀, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, wàhálà náà yóò sì tán; lórí ọ̀dà, táyà yóò máa jẹ, ọ̀pá irin yóò sì lọ́ títí yóò fi ṣẹ́. Nítorí ìdí kan náà, ìwọ̀n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba.

4. Ìtọ́jú òwúrọ̀, kí a tó ṣíná

(a) Ẹ wo omi rédíétọ̀ nígbà tí ó tutù. Ẹni tí ó bá ṣí i nígbà tí ó gbóná, omi híhó yóò tú sí i lójú.

(b) Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi títẹ́jú, kí ẹ yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún un tì bọ̀ ọ́, kí ẹ tó kà á.

(d) Ẹ wo òróró bíréèkì. Bí ó bá ń dín kù, ó ń jò níbì kan. Ẹ wá ibẹ̀ rí kí ọkọ̀ tó jáde. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé, nítorí yóò ba rọ́bà inú bíréèkì jẹ́, bíréèkì kì yóò sì mú mọ́.

(e) Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ sì fún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ le.

(ẹ) Ẹ wo ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ sùn sí. Ibi tí ó bá kán sí ni yóò sọ ohun tí ń ṣe é.

Ní òpin oṣù, ẹ wo ọ́ìlì àpótí jíà méjèèjì, ti ásùlù iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti ti ìgbá irin róbótó tí ó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ dà á nù kíákíá, kí ẹ sì fi òmíràn sí i. Ẹ fi gírísì sí oríkèé àwọn ọ̀pá irin. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fọ ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì léraléra, nítorí eruku a máa lọ irin inú ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí a bá fi yanrìn ha ìkòkò.

5. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ lójú ọ̀nà

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù ń fẹ́: epo, afẹ́fẹ́ àti iná. Ẹ wò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá epo wà nínú táǹkì, àti bóyá ó dé kábúrétọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, bóyá ó tú tàbí ó rin. Nínú ẹ́ńjìnnì onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin ti Land Rover àtijọ́ yìí, bí iná ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn ni 1, 3, 4, 2, láti iwájú ni a sì ti ń ka ẹyọ kìíní. Ẹni tí ó bá yọ wáyà láìfi àmì sí i, tí ó sì tún un fi sí i lódì, yóò pẹ́ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ wò bóyá bẹ́líìtì fáànù ti já, tàbí koríko ti dí ojú rédíétọ̀. Ẹ má ṣe da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tí ó ń jó. Irin rẹ̀ lè là.

6. Nínú ẹrẹ̀ àti nínú odò

Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ibẹ̀ wò. Ẹ fi olórí pupa sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó wọ inú ẹrẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti rì. Jíà kejì ni ó sábà máa ń dára jù, ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń yí lásán, ẹ ṣíwọ́. Ihò ni ó ń gbẹ́ fún ara rẹ̀. Ẹ rántí pé bí ẹsẹ̀ kan níwájú àti ẹ̀yọ kan lẹ́yìn bá ń yọ̀, agbára gbogbo yóò tọ àwọn méjèèjì lọ, àwọn tí ó mú ilẹ̀ kì yóò sì fa nǹkan kan. Ọkọ́ àti pákó ni ó lè yọ ọ́ nígbà náà: ẹ gbẹ́ iwájú táyà, kí ẹ tẹ́ pákó tàbí màrìwò síbẹ̀. Bí ẹ bá fi okùn fà á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró nítòsí okùn náà.

Ní odò, ẹ fi ọ̀pá wọn jíjìn omi. Bí ó bá ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, tàbí bí ó bá ń ṣàn kíkan, ẹ dúró. Omi a máa fà, a sì máa rọ lálẹ́. Ẹni tí odò bá gbé lọ kì í padà wá ta kòkó. Bí ó bá ṣeé kọjá, ẹ dé ihò kékeré tí ó wà lábẹ́ ilé kíláàṣì, kí ẹ tú bẹ́líìtì fáànù kí ó má baà ta omi sórí wáyà iná, kí ẹ sì lọ jẹ́jẹ́ láìpààrọ̀ jíà. Ní òkè odò, ẹ dá bẹ́líìtì padà, ẹ yọ ìdérí náà, ẹ sì máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ títí yóò fi gbẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wo gbogbo ọ́ìlì.

7. Ẹrù àti owó ẹgbẹ́

Àpò kòkó kan a máa wọn nǹkan bí kílò 64. Bí ìwé ọkọ̀ bá gba kílò 800, àpò 10 jẹ́ 640. Ènìyàn méjì tí wọ́n wọn kílò 70 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ 140. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 780. Ó ti tó. Àpò 14 nìkan ti jẹ́ 896, kí awakọ̀ tó wọlé. Àpò mẹ́rin tí a fi kún un kò ní mú èrè wá bí ewé sípíríǹgì bá ṣẹ́ nínú igbó.

A rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti yan awakọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa dáhùn fún ọkọ̀, kí wọ́n sì ní ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́, ìrìn, epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe sí. Kí a yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbé, kí owó náà wà ní ìpamọ́ fún táyà àti àtúnṣe nìkan. Ní òpin ọdún, kí akọ̀wé ka ìwé náà ní ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́. Bí owó àtúnṣe bá ti ju owó tí a ìbá fi háyà ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ, ó tó àkókò láti tà á, kí ṣásí tó pinnu fún wa.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nọ́ọ̀tì kan tí a fún le ní òwúrọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ka ìwé yìí sétí awakọ̀ yín, kí ẹ so ìlànà òwúrọ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìpamọ́ ọkọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la kí òjò tó dé.