Àmì Ara Aṣọ Iṣẹ́ ní Hòtẹ́ẹ̀lì

Ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, òṣìṣẹ́ lè tó 200. Aṣọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn rí bákan náà: àwọ̀ kan, bọ́tìnnì kan. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń lọ. Báwo wá ni olúkúlùkù ṣe ń rí tirẹ̀ gbà padà? Àmì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn alágbàfọ̀ wa náà a máa fi tàdáwà tàbí òwú ṣe àmì sí inú ọrùn aṣọ oníbàárà, kí aṣọ Lágbájá má baà bọ́ sọ́wọ́ Tàmẹ̀dù.

Ó dára kí òṣìṣẹ́ ní aṣọ mẹ́ta. Ọ̀kan wà lára rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ọ̀kan wà ní ìpamọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ènìyàn 200, aṣọ mẹ́ta-mẹ́ta, ó di 600. Ta ni yóò fi orí lásán rántí 600 aṣọ?

Báwo la ṣe ń kọ àmì náà? Ẹ wo èyí: Y 14–2. Y ni àwọn tó ń tún yàrá ṣe. 14 ni nọ́ńbà òṣìṣẹ́. 2 ni aṣọ rẹ̀ kejì. Bí ó bá jẹ́ D, ti ilé ìdáná ni. Nọ́ńbà dára ju orúkọ lọ, nítorí ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni méjì kì í ní nọ́ńbà kan.

Inú aṣọ ni àmì ń gbé: inú ọrùn ẹ̀wù, tàbí inú ìbàdí ṣòkòtò. Ẹ má fi tàdáwà lásán kọ ọ́. Omi gbígbóná, ọṣẹ líle àti oògùn tí ń mú aṣọ funfun yóò pa á rẹ́. Tàdáwà tí kì í ṣí ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sára pélébé aṣọ, kí ẹ sì rán an mọ́ ọn.

Àmì nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé. Nínú ìwé náà ni a ó kọ ọjọ́, nọ́ńbà aṣọ, ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tó dá a padà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí aṣọ bá sọnù, wọ́n lè fẹ́ yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù yín. Bí ìwé bá fi hàn pé ẹ ti dá a padà, ẹnu yín gbà á. Nítorí náà, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ mẹ́ta, tí méjì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ewu mìíràn tún wà. Àlejò a máa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá wọ aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Bí olè bá rí aṣọ tó sọnù wọ̀ ńkọ́? Ìdí nìyí tí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dá gbogbo aṣọ padà. Àwọn àgbà ní, àìtètè mú olè, olè mú olóko.

Lóde òní, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ń rán ẹ̀rọ kékeré kan, tó lè má ju bọ́tìnnì lọ, mọ́ inú aṣọ. Kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ mìíràn ni yóò fi ìgbì rédíò bá a sọ̀rọ̀, tí yóò sì ka nọ́ńbà ọ̀pọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà láìtú àpò wọn. Síbẹ̀, ènìyàn ló kọ́kọ́ ń kọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ ọ́ ní àṣìṣe, àṣìṣe náà ni ẹ̀rọ yóò máa kà.

Lálẹ́ òní, ẹ yí ọrùn aṣọ iṣẹ́ yín síta. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́la.